Wáyà Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe fẹ́ ọkọ mi, kó jókòó dáadáa, kó má sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ti já lu ọ̀rọ̀ mi tó nígbà tí mo wà lọ́mọge. Wọ́n tiẹ̀ gbé e mì.

Rùkáyátù lorúkọ mi, ọmọ Alájì Yẹ̀kínì tó ń ta aṣọ ní Ẹ̀jìgbò, àwọn aṣọ tí ọkọ̀ ń kó wá láti Abíjàn. Bí ọkọ̀ Abíjàn bá ti dé, gbogbo ilé wa ló máa ń jáde lọ pàdé rẹ̀, Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, a sì máa ṣíwájú. Kì í ṣe aṣọ ló ń bá lọ. Ojú àwọn èrò ló máa ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, títí ẹni ìkẹyìn yóò fi sọ̀, yóò sì yí padà sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mùkáílà, àbúrò bàbá mi, ló ń retí. Ó ti lọ sí Abíjàn kí wọ́n tó bí mi, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni rédíò bàbá mi kọṣẹ́, tí wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ará Ìsúndúnrìn ni, Mùíbì lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti dorí kodò sórí pátákó kan tí ó kan oríṣiríṣi nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́, wáyà pupa, wáyà dúdú. Mo kí i, kò gbọ́. Ó ṣáà na máìkì sí mi láìgbójú sókè, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun dì í mú kí n máa sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní kí n máa sọ kí ni. Ó ní ohunkóhun, kí n ṣáà má dákẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní áńpù. Ó ti tò ó tán, kò fọhùn. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí bú u. Mo ní irú ọkùnrin wo rèé, tí kì í kí àlejò kó tó rán an níṣẹ́. Mo ní bó ṣe dorí kodò yẹn, ó jọ pé owó ẹ̀ ló já sílẹ̀. Mo ní orí ẹ̀ tiẹ̀ ń fẹ́ fífá. Ibi tí mo ti ń sọ ti orí yẹn ni ẹ̀rọ ti gbohùn lójijì, ni gbogbo gáréèjì bá gbọ́ pé orí Mùíbì ń fẹ́ fífá. Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè, tó rí mi. Kò bínú rárá. Ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó ní òótọ́ ni.

Ó jókòó ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé mo bi í. Ó ní bí áńpù bá yadi, ìdí sípíkà lòun ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun yóò fi wáyà sípíkà kan bátìrì. Bó bá dún “kpá,” ara sípíkà dá nìyẹn. Òun yóò wá sún sẹ́yìn díẹ̀ sínú ẹ̀rọ, òun yóò fi ìka kan ibẹ̀. Bó bá kùn “hùùù,” ara ibẹ̀ náà dá. Bẹ́ẹ̀ lòun yóò máa sún bọ̀ wá sápá ẹnu máìkì.

“Ibi tó bá ti kọ̀ tí kò kùn mọ́,” ló wí, “àárín ibẹ̀ sí ibi tó kùn kẹ́yìn ni àìsàn wà. Ibòmíràn kọ́.”

Ẹsẹ̀ tíránsísítọ̀ kan, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ orí pátákó yẹn, ló fa àìsàn lọ́jọ́ náà. Ó fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó jọ pé ó lẹ̀, àṣé kò lẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, mo gbé rédíò bàbá mi kalẹ̀, mo lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, rédíò bàbá mi kò tún gbádùn mọ́. Èmi ni mo máa ń tú wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má wò mí. Mo mọ̀ pé Mùíbì mọ̀, torí kì í tú u mọ́ kó tó béèrè pé ṣé mo ti jẹun.

Nígbà tó yá ó ní òun fẹ́ rán àwọn èèyàn òun láti Ìsúndúnrìn wá tọrọ mi. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń kọ ọ́ lóminú ni kí wọ́n má baà lé àwọn àgbàlagbà padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí bàbá mi gbọ́, kí a mọ bí ọkàn wọn ṣe rí.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní ilé tiwa, ọmọbìnrin kì í la ẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọkùnrin báyìí lòun fẹ́. Ojú kì í jẹ́ kó ṣe é. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni yóò sọ fún. Ìyẹn yóò sọ fún ìyá ọmọ, ìyá ọmọ yóò sọ fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà yóò wá sọ ọ́ fún bàbá mi ní ìdájí, nígbà tó bá wá dọ̀bálẹ̀ kí wọn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ọ̀nà kan náà ni èsì ń gbà padà. Mo sọ fún Àǹtí Sìdíkàt, àbúrò bàbá mi. Àǹtí Sìdíkàt rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n sì gbéra.

Ìgbà tí èsì máa padà dé, Àǹtí Sìdíkàt kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní Ìyá Àgbà pe ìyá mi, wọ́n ní wọ́n ti fi mí fún Ràmọ́nù, ọmọ Alájì Ajíbóyè, tó ń ṣòwò ní Abíjàn. Wọ́n ní bó bá kù díẹ̀ kí oṣù parí, wọn yóò so yìgì lẹ́yìn ọkọ, bàbá Ràmọ́nù yóò gbà á fún un, wọn yóò sì fi mí sọ́kọ̀. Mi ò rí Ràmọ́nù rí àfi nínú fọ́tò. Ó dúró ti mọ́tò kan tí n kò mọ̀ bóyá tiẹ̀ ni.

Mo bi Àǹtí Sìdíkàt pé, ọ̀rọ̀ Mùíbì ńkọ́? Wọ́n ní èsì náà nìyẹn. Mo lọ sọ́dọ̀ Mùíbì, mo sọ ọ́ fún un. Ó fi irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kò burú. Ohùn tó fi sọ pé kò burú yẹn, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Mo rò pé yóò ní ká sá lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀, inú bí mi pé kò sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́, ìyá mi ni wọn yóò lé kúrò nílé.

Kò pẹ́ ni bàbá mi fúnra rẹ̀ tọ Mùíbì lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rọ tó ṣe fún mọ́ṣáláṣí kan ní Máṣífà, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n ní kó wá gbé irú ẹ̀ sílé àwọn, àwọn fẹ́ so yìgì ọmọ àwọn. Mùíbì ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Àǹtí Sìdíkàt pé bàbá mi ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó ní bí wọn ò bá fẹ́ òun, ó parí, ṣùgbọ́n kí ló dé tó tún fi jẹ́ òun ni yóò gbé ẹ̀rọ wá síbi tí wọ́n ti ń fi mí fún ẹlòmíràn? Èmi náà sunkún. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi lè níkà nínú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yìgì dé, wọ́n fi mí sí yàrá inú Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ìyàwó kì í yan gbéregbère. Ilẹ̀kùn onírin ni yàrá náà ní, nítorí ibẹ̀ ni àwọn aṣọ olówó ńlá máa ń wà, Ìyá Àgbà ló sì ń tì í láti ìta, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìṣẹ́tí aṣọ wọn. Fèrèsé rẹ̀ ò ju kí orí ológbò gbà jáde. Òórùn káńfọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n lé làálì fún mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń kí mi kú oríire, mò ń dáhùn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pinnu ọ̀la àti ọ̀túnla mi, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ìyá Àgbà wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní Àáfà ti ní wọn yóò fi wáyà fa máìkì wọ inú yàrá, kí gbogbo èrò ìta lè gbọ́, nítorí ìdílé kan ti ṣẹjọ́ lẹ́yìn yìgì rí pé wọn ò bi ọmọ àwọn. Wọn yóò bi mí bóyá mo gbà.

“Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú,” ni Ìyá Àgbà wí. “Bí wọ́n bá ti bi ọ́, ṣáà dákẹ́. Wúńdíá tó bá dákẹ́, wọ́n ti gbà pé ó gbà nìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n jáde tí mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́, mo rí i pé mo ti há. Bí mo bá dákẹ́, mo di ìyàwó Ràmọ́nù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá dójú ti bàbá mi lójú gbogbo Ẹ̀jìgbò, wọn yóò sì ní ìyá mi ni kò kọ́ mi. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò síbi tí mo lè gbà jáde.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àlàádì tí wọ́n máa so yìgì mọ́. Mo gbọ́ ohùn Mùíbì ní àgbàlá, ó ń ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun gbé bátìrì. Ó so sípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà mọ́ igi, ó na wáyà gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Àǹtí Sìdíkàt sì fà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá bá mi. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ yẹn, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí máìkì, ó dún níta. Àǹtí Sìdíkàt jáde láti lọ dáná, Ìyá Àgbà ti ilẹ̀kùn. Àáfà dé, wọ́n ní kí n kí àwọn. Mo kí wọn. Kò dún.

Mo tún kí wọn, kò dún. Ni ariwo bá sọ. Mo ń gbọ́ ọ láti fèrèsé, bàbá mi ń bi Mùíbì pé ṣé irú iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí, àlejò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni, wọ́n ní àwọn ti ń rí i tó ń wo àgbàlá yìí. Àáfà wá dá sí i, wọ́n ní kò séwu, bí ẹ̀rọ bá yadi náà, yìgì ò ní torí ẹ̀ dúró. Àwọn yóò bi ọmọ léèrè láti ẹnu ilẹ̀kùn, bí wọn ò bá sì gbọ́ nǹkan kan, ó ti gbà.

Láàárín ariwo ilé wa lọ́jọ́ yẹn, ta ni yóò gbọ́ ohùn mi láti ẹ̀yìn irin?

Àǹtí Sìdíkàt wá sẹ́nu fèrèsé, wọ́n ní, “Ó ní kó o máa sọ̀rọ̀ sí i, o ò gbọ́dọ̀ dákẹ́.”

“Àǹtí, ṣé ó mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yìí bá kú, wọ́n ti fi mí fún Ràmọ́nù?”

“Mo sọ fún un. Ìdí tó fi ń làágùn nìyẹn.”

Mo gbé máìkì, mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka orúkọ àwọn ìlú, Máṣífà, Ìsúndúnrìn, Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀nà tí ǹ bá gbà ká ní mo lè jáde. Mo ń gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níta. Ó dún “kpá,” ara sípíkà dá. Ó kùn “hùùù.” Ó tún sún bọ̀, ó kùn. Ó sún bọ̀, ó kùn, títí dé ibi tí wáyà máìkì ti wọ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Kò sí ohun tó ṣe áńpù rẹ̀. Àìsàn náà wà láàárín òun àti èmi, ó sì ń fọwọ́ tọ wáyà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo tún bú u pé orí ẹ̀ ń fẹ́ fífá, omi bọ́ lójú mi. Mo wá ronú pé kò kúkú sẹ́ni tó ń gbọ́ mi, mo bá tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Mo ní bàbá mi ò fẹ́ràn mi. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ràn mi ni, wọn ì bá ti pè mí kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Mùíbì lójú mi, kí wọ́n bú mi pàápàá, ó sàn ju kí wọ́n fi àjèjì dá mi lóhùn.

Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Àgbà ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín bọ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe yẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi láti àgbàlá, ó ń ké gbàgà pé wọ́n fi àjèjì dá mi lóhùn. Mo wolẹ̀. Etí irin ilẹ̀kùn ti tẹ wáyà náà pẹlẹbẹ, ó ti bó o. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni ohùn mi ń kú sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Àgbà dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ kejì láti pa ilẹ̀kùn dé. Mo lè dákẹ́ nígbà yẹn, kí n sọ pé ẹ̀rọ ni mò ń dán wò. Mo ti ẹsẹ̀ mi bọ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ tí wọ́n lé làálì sí, irin gbá a, ó dùn mí dé ọpọlọ. Mi ò yọ ọ́.

“Bàbá mi,” mo wí, ohùn mi ń dún lórí igi níta, “èmi Rùkáyátù ni. Ẹ forí jì mí. Mi ò gba Ràmọ́nù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rán wọn sí yín pé Mùíbì tó wà níwájú yín yẹn ni mo fẹ́, ẹ sì ti dá a nù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà lẹ́ẹ̀kan.”

Mùíbì ti tọ wáyà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó ń wò mí. Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé, fìlà wọn ti yẹ̀ lórí.

“Ọ̀rọ̀ wo lo fi rán wọn sí mi?”

Ẹnu yà mí. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé wọn ò mọ nǹkan kan. Wọn ò mọ̀ rárá. Ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ni Mùíbì jẹ́ lójú wọn, wọ́n sì gbà pé mo ti gba Ràmọ́nù torí ohun tí wọ́n sọ fún wọn nìyẹn. Wọ́n yíjú sí Àǹtí Sìdíkàt. Àǹtí Sìdíkàt ní àwọn sọ ọ́ fún ìyá Rùká. Wọ́n yíjú sí ìyá mi. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo wo Mùíbì, ó wo èmi náà. Àwa méjèèjì ti mọ ibi tí kò ti kùn mọ́.

Ìyá Àgbà gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Mo gbọ́,” ni wọ́n wí. “Mo gbé e mì. Bàbá Ràmọ́nù bá mi pinnu pé bí Rùká bá ti dé Abíjàn, yóò máa bá mi béèrè Mùkáílà láti ọjà dé ọjà. Ta ló bá mi béèrè ọmọ mi nínú yín? Bí ẹ bá ti gba aṣọ tán lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo kù tí mò ń wo ojú èrò.”

Bàbá mi lóṣòó sílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n ní kò sí yìgì lónìí, àwọn fúnra àwọn ni yóò lọ bẹ Alájì Ajíbóyè kó tó gbéra nílé. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i fún mi. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùíbì.

“Ká wáyà rẹ,” ni wọ́n wí. “Pé ọmọ mi ò fẹ́ Ràmọ́nù, mo ti gbọ́. Pé ìwọ ló fẹ́, igi ló sọ ìyẹn. Èmi ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu igi. Ẹnu ìyá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ.”

Ẹ rí i báyìí? Mo ti jáde nínú yàrá, mo tún há sẹ́nu Ìyá Àgbà. Wọn kì í sì í ṣe ẹni tó ń yára la ẹnu.

Mùíbì lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó ní bí ó bá jẹ́ nítorí Mùkáílà ni, òun yóò bá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ sí Abíjàn. Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ṣáà sọ fún un pé ọjà Ajamẹ́ ní Abíjàn ni wọ́n ti rí ọmọ àwọn kẹ́yìn, àti pé àpá iná wà létí rẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé áńpù rẹ̀ sílẹ̀ sínú yàrá wa, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ.

Èmi náà wá di ẹni tó ń lọ pàdé ọkọ̀ Abíjàn. Ìyá Àgbà níwájú, èmi lẹ́yìn, a ó máa wo ojú èrò. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bímọ. Wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí igi, ta ni yóò tún fẹ́ ẹ. Òjò rọ̀ títí ó dá, wọ́n wa iṣu, wọ́n tún gbin òmíràn. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá Mùíbì náà ti di Mùkáílà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ọkọ̀ dé, èrò sọ̀ tán, ó wá kù ẹnì kan. Òun ni. Ó ti gbẹ, ó ti fá orí. Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ò rí ẹlòmíràn. Wọ́n yí padà láti máa lọ sílé.

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí,” ló wí. “Mo mú u wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò lè wá.”

Kásẹ́ẹ̀tì kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. A délé, mo gbé áńpù jáde, ó so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ìyá Àgbà kò mira níbi tí wọ́n jókòó sí. Mùíbì kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo ní kó sún. Mo fi wáyà sípíkà kan bátìrì, kò tiẹ̀ dún “kpá.” Mo wo orí bátìrì, ìpẹtà ti bò ó. Mo fi etí ọ̀bẹ ha á, mo tún wáyà rẹ̀ so.

“Ìyá mi,” ni sípíkà wí, “Mùkáílà ni.”

Ayùn ló gé ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń la igi. Ojú tì í láti fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wálé lọ́wọ́ òfo. Mùíbì bá a ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Ajamẹ́, ó ń rán bàtà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó sì sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe wo ojú èrò mọ́, òun wà láàyè, bí òun bá rí ẹni tì òun lẹ́yìn, òun ń bọ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Ìyá Àgbà ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ó kí wọn ní èdè Faransé bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn ní Abíjàn, ìyá náà kí i, “Sàvá, ọmọ mi, sàvá.” Wọ́n ní ká tún un gbé. A tún un gbé títí bátìrì fi rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá mi ti ìrun àsùbáà dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fẹ́ dìde, Ìyá Àgbà fọwọ́ lé wọn léjìká.

“Yẹ̀kínì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan rán mi sí ọ, mo sì pẹ́ lọ́nà. Rùkáyátù ní Mùíbì, ọmọ Ìsúndúnrìn, lòun fẹ́.”

Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ti bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí igi, tún dojú bolẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Ìyá mi,” ni wọ́n wí. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ẹ ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀.”